Iṣu Ọdún Bàbá Rẹ àti Ìwé Tí Mo Fà Ya

Àgbowó, Ìbàdàn,
Ọ̀sán Sátidé.

Mojísọ́lá mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, Adájọ́!

Jẹ́ kí n tún un pè kí etí àwọn aládùúgbò gbọ́: Adájọ́! Láti Ọjọ́rú tí lẹ́tà rẹ ti dé pé wọ́n ti sọ ọ́ di májísíréètì, pé Ṣakí sì ni wọ́n gbé ọ lọ, ara mi ò balẹ̀ mọ́ fún ayọ̀. Oníbàárà kan wá gba búláòsì rẹ̀ lánàá, àṣé apá ni mo rán mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà. Ó fẹ́ bínú, mo ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi ló di adájọ́." Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó sì fi búláòsì sílẹ̀ kí n tún un rán. Bàbá rẹ ì bá wà láyé, ì bá ti kó gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde wá jó lójú títì.

O ní ọjọ́ Ajé ni wàá kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa máṣíìnì tì tí mo gbé bírò. Awakọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ sí Ṣakí lọ́la lẹ́yìn ìsìn, òun ni màá fún ní lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé o ti ka ìwé òfin tó ga ju orí mi lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà lọ yunifásítì tèmi, ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo sì fi jókòó níbẹ̀, lórí àga olùjẹ́jọ́. Ìwọ á jókòó lókè, èmi jókòó nísàlẹ̀. Ohun tí mo rí nísàlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, pàápàá ibi tí mo ti gọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó máa dúró níwájú rẹ ló máa gọ̀ bíi tèmi.

O mọ ìtàn ilé wa yìí ní ègé ègé, jẹ́ kí n tò ó pọ̀. Bàbá rẹ, tísà àwọn ọmọdé, ra ilẹ̀ yìí, ó sì gba ìwé ìràlẹ̀, nígbà tí Àgbowó ṣì jẹ́ igbó, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá ọ̀yà ló fẹ́ máa dẹ níbẹ̀. Ó kọ́ yàrá mẹ́rin sí i. Lọ́dọọdún tí iṣu tuntun bá ti jáde, á ru iṣu mẹ́fà lọ kí olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà fún un. Bàbá arúgbó yẹn náà á sì fún un ní adìyẹ kan bọ̀ wálé. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe. Nígbà tó yá, bàbá rẹ kú, bàbá arúgbó náà kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá kiri ní Àgbowó, ilẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ni Ládépò tó di olórí ẹbí bá dìde, ó ní bàbá rẹ ò ra ilẹ̀ rí, pé wọ́n kàn fún un lò ni. Ó ní iṣu tó ń gbé wá lọ́dọọdún, ìṣákọ́lẹ̀ ni, ohun tí àlejò fi ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ó ní kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ. Èmi opó, pẹ̀lú ọmọ kan àti máṣíìnì kan.

Èkíní nìyí, Àbẹ̀kẹ́: ìwé kóòtù máa ń ba èèyàn lẹ́rù ju ìbọn lọ. Ìyá Ìbejì tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lódìkejì títì ti sọ fún mi pé ìwé ìpẹ̀jọ́ dà bí èpè, pé bí ọwọ́ ẹni ò bá kàn án, kò lè mú ni. Mo sì gbà á gbọ́! Nígbà tí akódà kóòtù na ìwé sí mi, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Mo ní, "Ẹ máa gbé e lọ, mi ò gbà." Akódà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ gbà á o, ẹ ò gbà á o, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín." Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bó ti pẹ̀yìn dà, mo mú àlùmọ́gàjí mi, mo fi ẹnu rẹ̀ fà á ya wẹ́wẹ́, kí ọwọ́ mi má bàa kàn án. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá a sẹ́yìnkùlé. Inú mi dùn! Mo tún se ẹ̀wà jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí akódà kan náà fi padà wá. Kóòtù gíga ti jókòó, wọ́n pe orúkọ mi títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n sì ti dá Ládépò láre lórí ilẹ̀ náà. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n kó jáde. Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe orúkọ ẹnì kan ní Ṣakí tí kò dáhùn, kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí ìwé gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin ní kí o máa bá iṣẹ́ lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n rántí ìyá rẹ tó fi ìgbálẹ̀ gbá ẹjọ́ dànù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìkejì. Ṣé o mọ ibi tí mo sáré gbà? Kóòtù ìbílẹ̀! Bàbá Ìjọ wa ni alága ibẹ̀ nígbà náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi fagi lé ohun tí kóòtù gíga wí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyá Mojí, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ-ọmọ pàṣẹ fún baba àgbà ni?"

Wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìka kékeré. "Èmi rèé: ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ogún, oko abúlé. Èyí tó tẹ̀lé mi ni májísíréètì: ìjà, olè, èébú, àríyànjiyàn tí kò le jù. Èyí tó gùn láàárín yìí ni kóòtù gíga, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ àárín ìlú bíi tiyín ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìdájọ́ ibẹ̀ ò bá dùn mọ́ nínú, á lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ìyẹn náà ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di Èkó, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àtàǹpàkò nìyẹn. Ibi tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ka sí, ó parí, kò tún sí ìka mìíràn."

Wọ́n ní kóòtù tó dájọ́ lẹ́yìn mi gan-an ló lè gba ìdájọ́ náà padà, bí mo bá tètè wá, tí mo sì sọ ohun tó dá mi dúró. Wọ́n juwe lọ́yà kan fún mi ní Dùgbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, àwọn èèyàn á gbé ẹjọ́ tí kì í ṣe tìrẹ wá bá ọ, torí pé ìwọ ló wà nítòsí, tàbí torí pé ojú rẹ tutù. Má kàn sọ pé "Mi ò lágbára lórí èyí" kí o sì pe ẹlòmíràn. Na ọwọ́ rẹ. Fi ìka tó kàn wọ́n hàn wọ́n. Ìṣẹ́jú kan ni Bàbá Ìjọ fi ṣe é, òun ló sì gbé mi dìde nílẹ̀.

Ìkẹta ló le jù, o sì wà níbẹ̀. Èmi àtìwọ la jọ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, o ṣì wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ. Lọ́yà bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ rí ìwé ìpẹ̀jọ́ náà?" Mo wo ojú rẹ̀ kòròkòrò, mo ní, "Mi ò rí i rárá." Ó ti gbé bírò, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra báyẹn. Ìwọ wá ṣí ìwé jọ́gíráfì rẹ. Ìwé tí mo fà ya náà ló wà níbẹ̀, o ti ṣa á lẹ́yìnkùlé ní wẹ́wẹ́, o ti fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ihò ìṣó wà lórí rẹ̀. O ní, "Màmá, òun rèé."

Lọ́yà ka ìwé náà, ó wò mí, ó wò ọ́. Ó ní, "Màmá, ọmọ yìí ti gbà yín. Bí ẹ bá búra pé ẹ ò rí i, akódà á búra pé òun kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, ihò ìṣó sì wà lára ilẹ̀kùn yín. Wọ́n á pè yín ní òpùrọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá wí lẹ́yìn ìyẹn nípa ilẹ̀, irọ́ ni wọ́n máa kà á sí." Òótọ́ la kọ sínú ìwé ìbúra: pé ẹ̀rù bà mí, pé mo fà á ya, pé òmùgọ̀ ni mí. Adájọ́ kà á sókè ní kóòtù gíga ní Ring Road, gbogbo kóòtù ń rẹ́rìn-ín mi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó bá mi wí dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ kan bá jẹ́wọ́ ohun ìtìjú níwájú rẹ, má jẹ́ kó kábàámọ̀ pé òun sọ òótọ́. Ohun tí mo ṣe fún ọ lórí àtẹ̀gùn lọ́yà lẹ́yìn náà, mi ò gbàgbé rẹ̀. Màá sọ ọ́ kí n tó parí.

Ìkẹrin, háà, èyí á pa ọ́ lẹ́rìn-ín, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí délẹ̀. Ara mi yá gágá pé adájọ́ yẹn ti fojú àánú wò mí. Mo bi ara mi pé, àgbà wo la máa ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá lọ́wọ́ òfo? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, mo di iṣu méjìlá, mo béèrè ilé adájọ́ náà ní Bódìjà. Bàbá ọ̀hún fúnra wọn ló yọjú, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ta ni yín, Màmá?" Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu pé wọn ò mọ̀ mí. "Èmi ni olùjẹ́jọ́ yín, sà." Wọ́n fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. "Ẹ gbé e! Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kan! Ẹ máa lọ!" Mo ru iṣu méjìlá padà sí Àgbowó nínú oòrùn, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà.

Nígbà tí a padà dé kóòtù, adájọ́ sọ ọ́ sójú gbogbo ayé, wọ́n sì yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Adájọ́ mìíràn ló gbà á, a tún bẹ̀rẹ̀, ó lé lọ́dún kan tí mo fi ìwà òmùgọ̀ mi dá ara mi dúró. Lọ́yà mi káwọ́ lérí. "Màmá! Ẹjọ́ iṣu là ń jẹ́, ẹ tún ru iṣu! Èyí tí ẹ gbé lọ sí Bódìjà, kí lẹ fẹ́ ká pè é, ọ̀rẹ́ àbí ìṣákọ́lẹ̀?"

Wọ́n á ru nǹkan wá sí ilé rẹ, ọmọ mi. Má pariwo lé wọn lórí bí ẹni tó ń lé olè, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n dá a padà kó tó kan ilẹ̀, kí o sì sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà yẹn mo rò pé adájọ́ náà dójú tì mí. Àṣé oore ni wọ́n ṣe fún mi. Bí wọ́n bá dákẹ́, tí mo sì jàre lẹ́yìn náà, Ládépò á máa wí dọ̀la pé iṣu ló jàre.

A wá jókòó ẹjọ́ gidi. Bàbá Káfíńtà tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà ni ẹlẹ́rìí mi. Lọ́yà Ládépò bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni tísà ń ru iṣu lọ lọ́dọọdún. Bàbá ní òótọ́ ni. Ládépò rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́yà mi dìde. "Bàbá, kí ni tísà máa ń mú bọ̀?" "Adìyẹ." "Ta ló fún un?" "Olórí ẹbí tó kú ni." Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀, wọ́n bi Bàbá Káfíńtà fúnra wọn: "Ṣé ẹ ti rí onílẹ̀ tó gba ìṣákọ́lẹ̀, tó tún fún àlejò ní adìyẹ?" Bàbá ní, "Rárá o, Olúwa mi. Onílẹ̀ tó bá gba ìṣákọ́lẹ̀, á ní ó kéré ni!" Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ wo ìwé ìràlẹ̀ bàbá rẹ, wọ́n wo ọ̀rọ̀ adìyẹ, wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni iṣu yẹn. Mo jàre! Mo kọrin láti Ring Road dé Àgbowó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìkarùn-ún. Ládépò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Inú bí mi, mo ní ó bú adájọ́ ni. Lọ́yà ní kì í ṣe èébú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo má bàa jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Ó dáa, mo rán agbádá tuntun fún Bàbá Káfíńtà, mo ní kí wọ́n múra láti tún sọ ti adìyẹ. A débẹ̀, adájọ́ mẹ́ta ló jókòó, àwọn lọ́yà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá Káfíńtà léèrè ohunkóhun. Inú bí wọn délé: "Wọn ò bi mí nípa adìyẹ!" Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé wọn kì í pe ẹlẹ́rìí lókè lọ́hùn-ún. Ìwé tí adájọ́ ìsàlẹ̀ kọ ni wọ́n ń kà, láti mọ̀ bóyá ó ṣìnà. Adìyẹ wa sì wà níbẹ̀, nítorí pé adájọ́ Ring Road kọ ọ́ sílẹ̀. Òun la fi tún jàre.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: kọ ohun gbogbo sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Nínú ohun tí arúgbó kan bá sọ níwájú rẹ lọ́jọ́ Ajé, èyí tí o bá kọ nìkan ló máa bá a gòkè. Bí o bá fo adìyẹ, adìyẹ kú nìyẹn. Bí wọ́n bá sì gbé ìdájọ́ rẹ lọ sókè, má fajú ro. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá jà.

Èkó, níbi tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣì wà nígbà yẹn, lo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà nígbà tí Ládépò gbé wa dé ibi àtàǹpàkò. O jókòó tì mí. Adájọ́ márùn-ún, irun funfun lórí wọn, wọ́n ka ìdájọ́ náà ṣókí, o yí sí mi, o ní, "Màmá, ilé wa ni." Mo pariwo Halelúyà tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá fi wá bá mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mú mi, ibi tó bá wù yín lẹ mú mi lọ, mo ti nílé tí màá padà sí!"

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó dáa, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo gbójú sókè lẹ́nu máṣíìnì, ta ni mo rí? Ládépò fúnra wọn ni! Wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ, wọ́n wá kí mi kú oríire. Iṣu mẹ́fà ló wà lórí ọmọ wọn tó tẹ̀lé wọn! Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ṣé ẹ ní ẹjọ́ kankan ní Ṣakí?" Wọ́n ní rárá, wọn ò dé Ṣakí rí. Mo ní, "Kò burú. Ṣé ìṣákọ́lẹ̀ wa nìyí?" Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n, ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ògiri mi ni wọ́n dì mú, Mojí! Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo mú adìyẹ kan fún wọn. Bàbá rẹ ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ti orí àtẹ̀gùn ní Dùgbẹ̀. Bí a ti jáde lọ́dọ̀ lọ́yà, mo gbá ọ létí, nítorí pé o dójú tì mí lójú àjèjì. Mo ní ọmọ wo ló ń ta ìyá rẹ̀. O ò sunkún. O kàn di ìwé jọ́gíráfì rẹ mọ́ àyà títí a fi délé. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ ló gba ilé yìí sílẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ọ́ títí dòní. Ìgbéraga ló mú mi. Mo jàre ní kóòtù mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé mo jẹ̀bi níwájú rẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ìwé tí o lẹ̀ pọ̀ náà ló wà nínú àpò-ìwé yìí. Ẹ̀kọ rẹ ṣì mú un dáadáa. Fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí wàá jókòó sí lọ́jọ́ Ajé. Bí iṣẹ́ náà bá kó àárẹ̀ bá ọ, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ kí o wo ibòmíràn nígbà tí òótọ́ wà níwájú rẹ, fà á yọ, kí o rántí pé o ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó fún ọ ní àga.

Dárí jì mí, Àbẹ̀kẹ́. Ẹjọ́ tí o kọ́kọ́ dá láyé rẹ, èmi ni olùjẹ́jọ́, o sì dá mi lẹ́bi. Mo gbà. Mi ò pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Adájọ́, télọ̀ Àgbowó, onílé.